Omi Tí Kò Mọ Ẹsẹ̀ Mi

Ẹ kú ìrìn, ẹ̀yin àlejò. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó sórí iyanrìn, iyanrìn wa kì í ba aṣọ jẹ́. Ṣé odò wa ni ẹ wá wò? Mo mọ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní èbúté yìí, odò ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n á ní àwọn gbọ́ pé ó ń rìn ségesège nínú igbó, pé ó gun òkè iyanrìn kí ó tó wá sọ́dọ̀ wa, pé ọ̀gbun kan wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn kì í wẹ̀ kí ó má rẹ́rìn-ín. Wọ́n á tún béèrè ohun tí gbogbo ìlú máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní ọ̀sán gangan, èyí tí a óò ṣe lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ti ọ̀la dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ mu omi tí ó wà nínú igbá yẹn. Ó dùn, àbí? Nígbà kan, ẹni tí ó bá bu omi ìlú Ẹ̀bá-Ọ̀sà yìí sẹ́nu, àfi kí ó tú u dànù kíá.

Èmi ni Akíntẹ̀rìnwá. Ẹ má wo bí ẹ̀yìn mi ṣe tẹ̀ lónìí. Nígbà tí ara mi ṣì le, bí mo bá gbé ìbọn ṣakabùlà mi kọ́ èjìká, gbogbo igbó a pa rọ́rọ́. Mo pa ìmàdò mẹ́ta lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọta méjì péré. Ẹ ń wo ara yín lójú, ẹ ń wò ó pé báwo ni ìkẹta ṣe kú. Ó gbọ́ pé èmi ni mo yìnbọn sí àwọn méjì yòókù, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kí ó lọ bi ìmàdò náà.

Ṣùgbọ́n ìbọn kọ́ ni ó sọ mí di olókìkí, ẹsẹ̀ mi ni. Kò sí ẹni tí ó rí ipasẹ̀ mi nínú igbó rí. Bàbá mi ni ó kọ́ mi ní ọgbọ́n náà: bí mo bá ti dé etí igbó, mo máa gé ẹ̀ka igi tí ewé rẹ̀ pọ̀, mo máa so ó mọ́ ẹ̀yìn ìgbànú mi, yóò sì máa gbá ipasẹ̀ mi rẹ́ bí mo ti ń rìn lọ. Ẹran kò ní mọ̀ pé mo kọjá, ọdẹ mìíràn kò sì ní mọ ibi tí mo ti ń rí ẹran. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi sọ mí ní Aláìnípasẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí yèyé mi sọ mí lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, mo máa dúró kí ó tún un pè.

Ní ọdún kan, òkun ru, ó fọ́ òkìtì iyanrìn tí ó wà láàárín àwa àti òun, ó wọ inú gbogbo kànga wa. Omi wa di iyọ̀. Aṣọ tí a bá fọ̀ máa ń gan bíi páálí lórí okùn. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, bí a bá rò ó, kò ṣeé jẹ. Àwọn obìnrin máa ń wa ọkọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó rí omi dídùn ìkòkò kan bù wálé. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, Bàbá Mafimíṣẹ̀bi, olórí ìlú wa, pe gbogbo wa jọ, ó ní bí ọjọ́ méje bá pé tí a kò rí omi dídùn, a óò kó ẹrù sínú ọkọ̀, a óò fi ìlú sílẹ̀ fún òkun, a óò sì lọ máa gbé ní òkè pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jiyàn, àfi yèyé mi, Orímisàn.

Ó ní, "Ẹ máa lọ. Ibi tí mo sin bàbá ọmọ mi sí nìyí. Èmi ò lọ síbì kan."

Mo ní, "Yèyé, kí ni ẹ óò máa mu?"

Ó ní, "Omi ojú mi ńkọ́? Ṣebí iyọ̀ ni òun náà, ó sì ti mọ́ mi lára."

Ó rẹ́rìn-ín bí ó ti sọ ọ́, gbogbo ènìyàn náà sì rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ìyá mi. Bí ó bá ti fi ẹ̀rín sọ ọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí ó lè yí i padà mọ́. Mo rí i lójú ara mi pé a óò wa ọkọ̀ lọ, pé yóò dá dúró sí èbúté, pé yóò máa juwọ́ sí wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní ọjọ́ kejì, mo ti gé ẹ̀ka igi, mo so ó mọ́ ìgbànú, mo sì dojú kọ Igbó Oníran.

Ẹ dákẹ́ kí n sọ irú igbó tí ó jẹ́ fún yín. Ibi tí igi ẹ̀gbà etí omi parí sí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Kì í pa ènìyàn o. Gbogbo ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ ni ó máa ń padà ní àlàáfíà. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù ni pé bí wọ́n bá padà, tí a bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan lọ síbẹ̀ ní ọ̀dọ́, títí ó fi kú kò sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí akàn nínú ọbẹ̀, ó máa ń dìde kúrò nídìí oúnjẹ.

N kò ní fi bí mo ṣe rìn ọjọ́ mẹ́ta nínú àbàtà dà yín láàmú. Ní ọjọ́ kẹrin, bí oòrùn ti ń gòkè, mo dé ibi tí igi méjì ti forí kan ara wọn lókè, tí wọ́n di ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀. Ojú méjì ni ó ní níwájú, ó ní ẹ̀kẹta ní ìpàkọ́, ojú ìpàkọ́ yìí ni ó sì kọjú sí mi.

Ó ní, "Ìwọ ọkùnrin tí ó ń gbá ilẹ̀ igbó onígbó, ta ni ó bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"

Mo ní, "Ọdẹ ni mí. Omi dídùn ni mo ń wá."

Ó yí padà, ó fi ojú méjì iwájú wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Wòmí-Dáadáa ni orúkọ mi. Èmi ni mo ń mú àlejò yí igbó yìí ká. Omi dídùn wà. Òun ni ìran kẹrin."

Mo ní, "Ẹ mú mi lọ síbẹ̀ tààrà, ìyá. Ẹ fi mẹ́ta ìṣáájú sílẹ̀. Nínú igbó, kò sí ohun tí ojú mi ò tíì rí."

Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá lọ sí ìlú onílùú, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu. Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni obìnrin náà dì. Nígbà tí ó là wọ́n, ó ní, "Àdéhùn nìyí. Ohunkóhun tí àlejò máa ń ṣe nídìí ìran kọ̀ọ̀kan, o óò ṣe é. Ibi tí ara rẹ bá sì ti kan ilẹ̀, o kò gbọdọ̀ pa á rẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àlejò wa ṣe ń forúkọ sílẹ̀."

Mo ní, "Ipasẹ̀ mi ńkọ́?"

Ó wo ẹ̀ka igi tí ó wà lẹ́yìn mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ti ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ tìrẹ ni ìyẹn."

Inú mi dùn pé mo dọ́gbọ́n. Mo gbà.

Ìran kìíní ni igi kan tí ọkùnrin mẹ́wàá kò lè gbá mọ́ra tán. Wòmí-Dáadáa ní kí n fi ìka rin gbòǹgbò rẹ̀, bí a ti ń rin ọmọdé lábẹ́ apá kí ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré ọmọdé ni. Mo rin ín díẹ̀. Igi náà gbọ̀n, ó fa èémí, ó fà á, ó fà á, àwọn ẹyẹ orí rẹ̀ sì ti ń kó ẹyin wọn sá lọ, èmi ọ̀dẹ̀ dúró, mò ń wò ó. Ó wá sín! Ẹ̀yin ará, atẹ́gùn rẹ̀ gbé mi nílẹ̀. Ẹrẹ̀ ni mo bà lé, ìdí ni mo fi balẹ̀, mo sì yọ̀ lọ gbọọrọ títí mo fi kan ẹsẹ̀ igi mìíràn.

Wòmí-Dáadáa ní, "Kí i."

Mo ní, "Kí n kí igi?"

"Bí ènìyàn bá sín níwájú rẹ, ṣé o kì í kí i ni? Ó gbọ́ pé o ò kí òun. Ó ti ń fa èémí mìíràn."

Mo sáré dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá! Ẹ kú òtútù!" Igi náà fara balẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn mi, mo rí ipa tí ìdí mi là sínú ẹrẹ̀ láti òpin kan dé ìkejì, mo sì na ọwọ́ sí ẹ̀ka igi mi láti gbá a rẹ́. Obìnrin náà wúkọ́. Mo rántí àdéhùn, mo fi í sílẹ̀.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni a ti dé pápá àwọn akàn. Wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pápá náà, wọ́n kún fọ́fọ́, akàn arúgbó kan tí ó tóbi tó ọpọ́n ni olórí wọn. Ohun tí àlejò máa ń ṣe níbẹ̀ ni kí ó bá wọn sáré. Mo sọ ìbọn mi kalẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti lé ẹtu bá rí. Akàn arúgbó náà ní ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni a fi ń sáré níbẹ̀, kì í ṣe iwájú, ẹni tí ó bá sì gbẹ̀yìn yóò dúró ti àwọn, yóò máa bá wọn gbẹ́ ihò títí òjò ọdún náà yóò fi dá. Bí wọ́n ti ní kí a lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kọ́ ẹsẹ̀ òsì, mo ṣubú. Mo dìde, mo tún ṣubú. Nígbà tí ó yá, n kò dìde mọ́, ìdí ni mo ń fi wọ́ lọ. Akàn kan wà níbẹ̀ tí kò ní ju ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ, ìyókù ti gé. Òun náà gbawájú mi, ó sì kí mi pẹ̀lẹ́ bí ó ti ń kọjá. Ẹ jẹ́ kí n má sọ̀rọ̀ ariwo tí wọ́n fi ọwọ́ ńlá wọn pa.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ọjọ́ méje ni wọ́n dá fún ìlú mi, òní ni ìkẹrin. Ìyá mi wà níbẹ̀."

Akàn arúgbó ní, "Bí o bá dáhùn ìbéèrè kan, o lè máa lọ. Ta ni àlejò tí ó ń wọ ilé mi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí kì í jókòó, tí kì í jẹun, tí ó sì máa ń gbá gbogbo ilẹ̀ kí ó tó jáde?"

Mo ronú títí. Mo ronú ẹyẹ, mo ronú afẹ́fẹ́. Àwọn akàn ti fi ihò tí n óò kọ́kọ́ gbẹ́ hàn mí. Ni mo bá rántí yèyé mi. Kò sí òwúrọ̀ kan tí kì í jáde sí ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀ wo òkun, bóyá ó ń kún bọ̀ tàbí ó ń fà lọ, kí ó tó gbé ìkòkò kaná. Mo kígbe pé, "Òkun ni! Bí ó bá kún, ó wọlé. Bí ó bá fà, ó gbálẹ̀ jáde!"

Akàn arúgbó dùbúlẹ̀ lé ẹ̀yìn nítorí ẹ̀rín. "Ẹni tí ó bí ọ ni ó jẹ́ kí o mọ̀ ọ́n. Máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀."

Ìran kẹta ni òkè iyanrìn funfun kan tí ó dá dúró láàárín igbó. Àlejò á gun un dé orí, á jókòó, á sì yọ̀ sísàlẹ̀. Àwọn ọ̀bọ arúgbó tò sí ẹsẹ̀ òkè náà, iṣẹ́ tiwọn ni láti sọ bí ó ti dára tó. Mo ti mọ̀wà hù wàyí. N kò fọ́nnu, n kò jiyàn. Mo jókòó, mo dijú, mo yọ̀. Mo mà gbádùn ún o! Mo ń pariwo bí mo ti ń bọ̀, n kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo balẹ̀ gbìì, ìdí mi sì gbẹ́ ọ̀gbun sínú ilẹ̀. Àwọn ọ̀bọ náà dìde dúró pátá. Wòmí-Dáadáa sọ fún mi pé wọn kò dìde fún ẹnikẹ́ni láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọ̀gbun yẹn ni ẹ gbọ́ pé ènìyàn kì í wẹ̀ kí ó má rẹ́rìn-ín. Ẹ lè fi ọwọ́ wọn fífẹ̀ rẹ̀ bí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò bí mi nínú mọ́.

Nídìí òkè náà, lábẹ́ gbòǹgbò kan, ni omi dídùn wà. Kò ju kí ènìyàn fi igbá kan gbọ́n ọn lọ, ṣùgbọ́n kò dúró jẹ́ẹ́. Ó ń yọjú, ó ń padà. Mo tọ́ ọ wò, omijé bọ́ lójú mi.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí ó bá mi lọ."

Wòmí-Dáadáa ní, "Èmi kò dí i lọ́wọ́. Omi yìí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ipasẹ̀ àlejò ni ó máa ń tẹ̀lé lọ sí ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n ta ni ó dé ilé mi lónìí tí kò gba ọ̀nà kankan wá?"

Mo wẹ̀yìn wo ẹ̀ka igi mi. Omi náà jáde, ó yí ẹsẹ̀ mi ká, ó wá ipasẹ̀ mi títí, kò rí nǹkan kan. Ọgbọ́n tí mo fi ń fọ́nnu láti kékeré ni ó dúró níwájú mi yẹn, tí ó fẹ́ pa ìyá mi. Mo já ẹ̀ka igi náà kúrò ní ìgbànú, mo jù ú nù, mo bú sẹ́kún. Bí mo ti ń sunkún ni omi rí ọ̀gbun tí ìdí mi gbẹ́. Ó wọ inú rẹ̀, ó kún un. Ó rí ipa tí mo fi yọ̀, ó sì tẹ̀lé e gun òkè iyanrìn. Ẹ má bi mí bí omi ṣe ń gòkè, ojú mi ni ó ṣe. Ó gba ojú pápá àwọn akàn kọjá, wọ́gọwọ̀gọ, bí mo ṣe wọ́ ọ gan-an. Ó dé ibi igi tí ń sín, ó gba inú ẹrẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ó dúró sí. Àmì mi parí síbẹ̀.

Mo bọ́ síwájú rẹ̀, mo fi gbogbo agbára tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ipasẹ̀ mi hàn ketekete. Omi náà kò wò ó. Wòmí-Dáadáa fi ojú ìpàkọ́ wò mí, ó ní, "Kò mọ ẹsẹ̀ rẹ. Ìdí rẹ ni ó mọ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wọ́ la àbàtà kọjá, omi ń tẹ̀lé mi. Nínú igbó, ó rọrùn, kò sí ẹni tí ó ń wò mí. Ọ̀rọ̀ dé nígbà tí mo jáde sí etí igbó ní ọ̀sán ọjọ́ keje, tí mo rí ìlú mi níwájú. Gbogbo ọkọ̀ ti kún fún ẹrù. Gbogbo ènìyàn ti dúró sí èbúté, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi wà láàárín wọn. Mo rò ó pé kí n dúró kí ilẹ̀ ṣú. Mo wẹ̀yìn, omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu sínú iyanrìn gbígbẹ. Mo wo èbúté, yèyé mi dá dúró lápá kan, kò ní ẹrù lọ́wọ́. Mo tún fi ìdí mi lélẹ̀, mo ń wọ́ lọ.

Bàbá Mafimíṣẹ̀bi ni ó kọ́kọ́ rí mi. Ó ní, "Akíntẹ̀rìnwá! Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kán ni?"

Mo ní, "Rárá, bàbá."

"Ìbọn ni ó bà ọ́?"

"Rárá, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi."

Ẹ̀rín sọ. Ọdẹ kan kígbe pé, "Aláìnípasẹ̀, ipa kí ni èyí?" Wọ́n rín in títí àwọn kan fi jókòó sínú omi. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè. Nígbà náà ni yèyé mi rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó rí ohun tí ó ń bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a.

Ó ní, "Kò níyọ̀."

A ti dé iwájú ilé rẹ̀ nígbà náà, mo sì fẹ́ dìde. Yèyé mi ní, "Má dìde, ọmọ mi. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ìkòkò mi wà." Ó wo àwọn tí ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó wò mí, ó ká ìró rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ ní apá ọ̀tún mi. Pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wọ́. Ó ní, "Ó dùn mọ́ni o. Kí ló dé tí o kò pè mí látìgbà yìí?" Kí n tó mọ̀, Bàbá Mafimíṣẹ̀bi ti ká agbádá, ó jókòó. Àwọn ọdẹ jókòó. Gbogbo ìlú jókòó, a sì jọ wọ́ yí ilé ìdáná yèyé mi ká, omi dídùn ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n kó ẹrù padà sílé.

Ohun tí a óò ṣe lọ́la nìyẹn. Kí ẹ má wọ aṣọ tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí igbó, ẹ má dìde kí ẹ tó dé ibi ìkòkò, ẹ sì rẹ́rìn-ín bí ó bá ti wù yín tó. Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni a sin yèyé mi sí, bí ó ṣe wí. Ẹ óò rí àlàfo kan ní apá ọ̀tún mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má wọ́ síbẹ̀.